Àwọn Ọ̀tọ̀kùlú Tí Kò Rí Ẹbọ Àbámọ̀ Ṣe

Láti ìgbà tí a ti kọ̀wé nípa àwọn eré orí tẹlifíṣọ̀n tó ń ṣàfihàn ìgbé ayé àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé àtijọ́, lẹ́tà kò dáwọ́ dúró mọ́ lórí tábìlì wa. Àwọn àgbà ní àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Ó dà bí ẹni pé àwọn ọ̀tọ̀kùlú inú eré wọ̀nyí gan-an ni wọ́n ń bá wí, nítorí ohun kan náà ni púpọ̀ nínú yín ń béèrè: kí ló dé tí àwọn tó ní ilé ńlá tí yàrá rẹ̀ kò lóǹkà kò fi rí àyè fún ẹnì kan ṣoṣo tí ọkàn wọn yàn? A mú márùn-ún nínú àwọn lẹ́tà náà, a gé wọn kúrú níbi tó yẹ, a sì yọ orúkọ kúrò.

*

Ẹ̀yin Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Nínú eré tí mo wò, ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá dágbére fún ọmọbìnrin Earl kan (oyè ìdílé ọlọ́lá ni Earl nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì), tí wọ́n ti jọ ń wo ara wọn tìfẹ́tìfẹ́ fún ọdún mẹ́ta. Ó dúró lẹ́bàá fèrèsé, ó ń fún ìbọ̀wọ́ rẹ̀ bí ẹni ń fún aṣọ tútù. Ó sọ̀rọ̀ òjò, ó sọ̀rọ̀ ẹṣin, ó yin ọgbà ìyá ọmọ náà, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ọmọbìnrin náà kò sọ nǹkan kan. Kí eré náà tó dé apá kẹrin, ó ti di ìyàwó ẹlòmíràn. Inú bí mi débi pé mo pa tẹlifíṣọ̀n. Ṣé ojo ni gbogbo wọn ni?
Abínú-Pa-Tẹlifíṣọ̀n

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tan tẹlifíṣọ̀n yín padà. Ìbẹ̀rù wà nínú ọ̀rọ̀ náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n òfin àti owó ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ẹni tí kò bá sì mọ méjèèjì kò ní mọ ìdí tí ọkùnrin náà fi ń fún ìbọ̀wọ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹnu. Ní nǹkan bí ọdún 1800, obìnrin ọlọ́lá kò gbọdọ̀ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ìfẹ́. Ọkùnrin ló ní ẹ̀tọ́ láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n bó bá ti sọ ọ́, ó ti tọrọ ọmọ nìyẹn. Kò sí pé ó kàn fẹ́ kí ọmọ náà mọ bó ṣe ń ṣe òun. Bó bá sì ti tọrọ tí wọ́n gbà, tó wá yẹ̀ ẹ́, iyì rẹ̀ ti wọmi láàárín ẹgbẹ́, wọ́n sì lè pè é lẹ́jọ́ pé ó da àdéhùn ìgbéyàwó. Ẹjọ́ yẹn pẹ́ nínú òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì débi pé ọdún 1970 ni wọ́n tó ṣe òfin tó pa á rẹ́. Àwọn méjì tí kò tíì ṣèlérí fún ara wọn kò gbọdọ̀ máa kọ lẹ́tà síra wọn. Nínú agbo ijó, bí ọkùnrin bá bá ọmọbìnrin kan náà jó ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ, ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu àwọn ìyá tó jókòó ti ògiri. Bí kò bá sí ìyá níbẹ̀, àǹtí yóò wà níbẹ̀; bí kò bá sí àǹtí, obìnrin àgbà kan tí wọ́n gbé owó fún láti máa ṣọ́ ọmọ yóò wà níbẹ̀. Níbo wá ni ẹ fẹ́ kí wọ́n ti sọ ọ́? Ọ̀rọ̀ òjò àti ọ̀rọ̀ ẹṣin nìkan ni èdè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún wọn, àwọn òṣèré tó mọṣẹ́ sì máa ń fi òjò yẹn sọ gbogbo ohun tó wà lọ́kàn wọn.

Ti owó ló le jù. Ilẹ̀, ilé àti oyè, àrẹ̀mọ ọkùnrin ló ń jogún wọn, ìwé àdéhùn tí àwọn agbẹjọ́rò ìdílé kọ sì so ilẹ̀ náà mọ́lẹ̀ débi pé ẹni tó jogún rẹ̀ gan-an kò lè tà á bó ṣe wù ú. Bí ẹni tó ń bá ọmọ tí a kò tíì bí tọ́jú ẹrù ló rí. Àwọn ọmọkùnrin yòókù yóò wọ iṣẹ́ ológun, tàbí iṣẹ́ orí omi, tàbí ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí ilé ẹjọ́. Ọmọbìnrin ní tirẹ̀ yóò gba iye owó kan lọ sílé ọkọ, nítorí níbẹ̀ ẹbí ìyàwó ló ń gbé owó wá, ẹbí ọkọ náà yóò sì kọ ọ́ sínú ìwé iye tí wọn yóò máa fún un bí ọkọ bá kú. Kí òfin ọdún 1870 àti ti 1882 tó dé, owó tó bá jẹ́ ti obìnrin ń di ti ọkọ ní ọjọ́ ìgbéyàwó, àyàfi bí wọ́n bá ti fi í sí abẹ́ àwọn alámòójútó. Ọmọ kẹta tí kò ní ju owó oṣù ológun lọ, bó bá tọrọ ọmọ Earl, ó ń ní kí ọmọ náà bọ́ sílẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin kó máa fẹsẹ̀ rìn títí láé, kí àwọn ọmọ rẹ̀ náà sì máa fẹsẹ̀ rìn. Ìṣirò ni ọkùnrin yẹn ń ṣe pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀.

Mi ò sọ pé kò jẹ̀bi rárá. Ọmọ kẹta mìíràn a máa sọ ọ́, wọn a lé e jáde, yóò sì mọ̀ pé òun sọ ọ́. Ọmọbìnrin náà ní tirẹ̀ lè dúró. Òfin kan kò ní kó fẹ́ ẹlòmíràn láàárín apá méjì eré. Ṣùgbọ́n ẹ má bá ìyá rẹ̀ jà jù. Àwọn tó ń kọ irú eré yìí fẹ́ràn kí wọ́n sọ ìyá di ìkà, wọ́n sì ń gbàgbé pé orí irú tábìlì àwọn agbẹjọ́rò kan náà ni wọ́n ti parí ọ̀rọ̀ òun náà ní ogún ọdún ṣáájú.

*

Olóòtú, ìbéèrè kúkúrú: kí ló dé tí wọn kò kàn sá lọ?
Oníkánjú

Àwọn kan sá lọ. Òfin ìgbéyàwó tí wọ́n ṣe ní ọdún 1753 ní kí ẹni tí kò bá tíì pé ọmọ ọdún 21 má lè fi ìwé àṣẹ gbéyàwó láìjẹ́ pé òbí gbà, ṣùgbọ́n òfin náà kò dé Skọ́tíláǹdì. Ẹni tó bá gun ẹṣin kọjá ẹnu ibodè, abúlé Gretna Green ló máa kọ́kọ́ bá, níbi tí ènìyàn ti lè sọ níwájú ẹlẹ́rìí méjì pé òun fẹ́ ẹnìkejì òun, kí ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Nígbà tó di 1856, wọ́n ṣòfin pé kí ọ̀kan nínú wọn kọ́kọ́ gbé Skọ́tíláǹdì fún ọjọ́ 21, eré ẹṣin àsárémọ́jú sì rọlẹ̀. Àmọ́ ẹni tó sá lọ, owó kò bá a sá lọ. Bàbá lè di àpò rẹ̀ pa, ìtìjú náà kò sì ní mọ sí orí ẹni tó lọ, nítorí àwọn àbúrò rẹ̀ obìnrin tó kù nílé ni àwọn afẹ́sọ́nà yóò máa yẹ̀ sílẹ̀.

*

Ẹ̀yin Olóòtú wa, ọmọ Amẹ́ríkà olówó kan wà nínú eré tí à ń wò nílé wa, wọ́n fi owó rẹ̀ tún ààfin Duke kan ṣe (oyè tó ga ju ti Earl lọ ni Duke), Duke náà kò sì rẹ́rìn-ín sí i rí. Ọkọ mi ní àsọdùn ni. Ta ló jàre?
Ìyá Ìbejì

Ẹ̀yin lẹ jàre, Ìyá Ìbejì, ẹ sì lè ka ìtàn yìí fún Bàbá Ìbejì.

Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kan wà láyé lóòótọ́. Consuelo Vanderbilt ni orúkọ rẹ̀, owó rélùwéè ni bàbá rẹ̀ ní. Ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Winthrop Rutherfurd ni ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìyá rẹ̀, Alva, kò gbà. Gẹ́gẹ́ bí Consuelo fúnra rẹ̀ ti wá sọ nígbà tó dàgbà, ìyá náà sé e mọ́lé, ó ní òun yóò yìnbọn pa ọkùnrin náà, nígbà tó sì yá wọ́n ní àyà ń dun ìyá, pé bí ọmọ bá ń ṣorí kunkun, yóò pa ìyá rẹ̀. Ọmọ ọdún 18 ni. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1895, ní New York, wọ́n fà á fún Duke kẹsàn-án ti Marlborough, ẹni tó ni ààfin Blenheim. Ìwé àdéhùn fún Duke náà ní ìpín ìdókòwò rélùwéè tó tó mílíọ̀nù méjì àbọ̀ dọ́là. Consuelo nìkan ló wà nínú yàrá rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìgbéyàwó, ó ń sunkún, ó sì pẹ́ dé ṣọ́ọ̀ṣì nítorí wọ́n ní láti kọ́kọ́ fi omi tútù tẹ ojú rẹ̀ tó wú.

Ohun tó mú mi kọ ọ́ síbí ni pé ọkọ náà kò sàn jù ú lọ. Consuelo kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò pẹ́ sí ìgbéyàwó tí Duke náà fi sọ fún òun pé ẹlòmíràn ni òun fẹ́ràn, pé ojúṣe òun sí Blenheim ló jẹ́ kí òun fi ẹni náà sílẹ̀. Ẹ wo àwọn méjì tí wọ́n jókòó sí orígun tábìlì gígùn kan, tí oníkálùkù wọn ń ronú ẹni tí kò sí níbẹ̀.

Kí ló fà á? Àlìkámà ni. Láti nǹkan bí ọdún 1870 lọ, ọkà Amẹ́ríkà rọ́ wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, owó ọkà wálẹ̀, owó tí àwọn àgbẹ̀ ń san fún onílẹ̀ sì bá a wálẹ̀. Rélùwéè ló kó ọkà náà dé etí òkun. Ọ̀nà kan náà tó ba òrùlé àwọn ọlọ́lá jẹ́ ni wọ́n padà lọ tọrọ owó lọ́wọ́ rẹ̀ láti fi tún un kàn.

Àwọn méjèèjì pínyà ní 1906, wọ́n kọ ara wọn sílẹ̀ ní 1921, Consuelo sì fẹ́ ọmọ ilẹ̀ Faransé kan ní ọdún náà. Nígbà tí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó àkọ́kọ́ lọ síwájú ìjọ Kátólíìkì ní 1926 pé kí wọ́n sọ ọ́ di asán, Alva fúnra rẹ̀ ló jẹ́rìí pé òun fi ipá mú ọmọ òun. Àbámọ̀ ìyá nìyẹn, ó sì gbà á ní ọgbọ̀n ọdún ó lé.

*

Olóòtú mi, ìyàwó ilé kan nínú eré fẹ́ràn ọkùnrin mìíràn, ọkùnrin náà sì fẹ́ràn rẹ̀, ọkọ rẹ̀ kò bìkítà fún un. Ó ṣe wá padà sílé ọkọ náà? Mo rò pé òmùgọ̀ ni.
Ọmọ Òde Òní

Ọmọ ló dá a padà. Títí di ọdún 1839, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò fún ìyá ní ẹ̀tọ́ kankan lórí ọmọ tó bí nínú ìgbéyàwó. Bàbá ló ni wọ́n, bí wọ́n tilẹ̀ ń mu ọmú. Ìkọ̀sílẹ̀ tó fàyè gba kí ènìyàn fẹ́ ẹlòmíràn, òfin àkànṣe láti ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ni ènìyàn gbọ́dọ̀ gbà kí ọdún 1857 tó dé, iye wọn láti 1700 kò sì lé ní 300 lọ títí, obìnrin mẹ́rin péré ló rí i gbà nínú wọn.

Ẹ wo Georgiana, ìyàwó Duke karùn-ún ti Devonshire, tó wọlé ọkọ ní 1774 ní ọmọ ọdún 17. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ obìnrin ń bá wọn gbé nínú ilé kan náà, ó sì ń bímọ fún ọkọ rẹ̀. Ọmọbìnrin tí Duke bí sí ìta kó tó fẹ́ ẹ, Georgiana ló gbà á tọ́. Nígbà tí òun wá lóyún fún Charles Grey, òṣèlú kan tó kéré sí i lọ́jọ́ orí, Duke náà ní kó yàn: Grey, tàbí àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta. Ó yan àwọn ọmọ. Ó lo nǹkan bí ọdún méjì lẹ́yìn odi, níbi tó ti bí Eliza ní 1792. Wọ́n gba ọmọ náà lọ́wọ́ rẹ̀ fún àwọn òbí Grey, wọ́n sì tọ́ ọ bí ẹni pé àbúrò Grey ni. Grey fẹ́ ẹlòmíràn ní 1794, ó bí ọmọ tó lé ní mẹ́wàá, ó sì di Alákòóso Àgbà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1830. Georgiana ti kú láti 1806.

Kí ẹ tó pè é ní òmùgọ̀, ẹ ka orúkọ àwọn ọmọ tiyín lọ́kọ̀ọ̀kan ná.

*

Olóòtú mi ọ̀wọ́n, ọ̀rọ̀ tèmi kì í ṣe ti eré, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nídìí eré ni mo ti ń sunkún. Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún 22, ọkùnrin kan wá tọrọ mi. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní kò tíì rí ọwọ́ mú lọ sẹ́nu, ó wọ́ ọ nílẹ̀, èmi náà sì gbọ́ ti ẹ̀gbọ́n mi. Ó rin ìrìn àjò lọ sí ilẹ̀ òkèèrè, ó là. Ọdún kọkànlá rèé. Mi ò fẹ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó wá lẹ́yìn rẹ̀, mo jẹ́ kó lọ. Lóṣù tó kọjá ni lẹ́tà rẹ̀ dé: òun kò yí ohùn padà, kí n sáà ti sọ pé mo gbà, òun yóò wá ṣe ìgbéyàwó. A kò tíì fojú kan ara wa láti ìgbà náà. Kí ni kí n fèsì?
Ẹni Ọdún Kọkànlá

Arábìnrin wa, lẹ́tà yín dẹ́rù bà mí díẹ̀, nítorí mo ti kà á rí, obìnrin mìíràn ló sì ni ín.

Catherine Pakenham ni, ọmọ Lord Longford ti ilẹ̀ Áílàndì. Kitty ni wọ́n ń pè é nílé. Ní ọdún 1793, ọ̀dọ́ ológun kan tó jẹ́ ọmọ Earl àmọ́ tí kì í ṣe àrẹ̀mọ, tó jẹ gbèsè, tó fẹ́ràn káàdì títa àti fáólìn títa, wá tọrọ rẹ̀. Bàbá Kitty ti kú, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ni oyè bọ́ sí lọ́wọ́, wọ́n sì dá ọkùnrin náà padà. Ó kó àwọn fáólìn rẹ̀ jọ, ó dáná sun wọ́n, kò sì fọwọ́ kàn án mọ́. Ó kọ̀wé sí Kitty pé bí ọkàn wọn bá yí padà lọ́jọ́ kan, tòun kò ní yí. Ó wá lọ sí Íńdíà lọ jagun. Kitty ní tirẹ̀ gba ológun mìíràn, ó sì tún jẹ́ kó lọ nítorí ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà yẹn. Ó rù, àìsàn ṣe é, ojú rẹ̀ kò tàn bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ní 1805, ọkùnrin náà padà dé pẹ̀lú owó, oyè àti òkìkí. Arthur Wellesley ni, ẹni tó wá di Duke ti Wellington, tó ṣẹ́gun Napoleon ní Waterloo ní 1815. Ọ̀rẹ́ Kitty kan ló sọ fún un pé Kitty kò gbàgbé rẹ̀. Láìtíì rí i, ó kọ̀wé, ó sì tọrọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Kitty, ẹni tí àwọn ènìyàn ń pè ní aláìgbọ́n, ló sọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n jù nínú gbogbo ìtàn yìí: ó ní òun ti yí padà púpọ̀, kó kọ́kọ́ wá rí òun kó tó fi ara rẹ̀ dè. Kò wá. Oṣù kẹrin ọdún 1806 ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní Dublin, ìtàn sì ní nígbà tó rí ìyàwó tó ń bọ̀, ó yẹjú, ó sọ sí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ létí pé obìnrin náà mà ti burẹ́wà.

Ọdún 25 ni wọ́n fi jẹ́ tọkọtaya. Kitty fẹ́ràn rẹ̀ bí ẹni ń bọ òrìṣà. Ọkùnrin náà kò fẹ́ràn rẹ̀. Ó lọ sójú ogun ní Pọ́túgà àti Sípéènì, ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kó tó wálé; Kitty kò mọ owó ilé ṣírò, ó ń fi gbèsè pa mọ́ fún ọkọ, ọkọ mọ̀, inú rẹ̀ sì tutù sí i bí òkúta. Èrò tèmi ni pé kì í ṣe Kitty ló padà wá fẹ́ ní 1806. Ọmọ tí wọ́n fi dù ú ní 1793 ló wá gbà, ọmọ yẹn kò sì sí nílé mọ́. Apá kan tún wà nínú rẹ̀ tó kàn fẹ́ kí ẹbí Longford rí i pé wọ́n ṣìnà.

Nígbà tí Kitty dùbúlẹ̀ àìsàn ikú ní 1831, Wellington jókòó tì í. Kitty na ìka wọ inú apá aṣọ rẹ̀, ó ń wá ìfúnpá kan tó fún un nígbà kan rí, bóyá ó ṣì wà níbẹ̀. Ó wà níbẹ̀. Wellington sọ fún ọ̀rẹ́ kan lẹ́yìn náà pé ìgbàkígbà láàárín ogún ọdún ló lè rí i, ká ní ó wá a.

Ó dára. Ọkùnrin tó kọ̀wé sí yín, ọmọ ọdún 22 ló kọ ọ́ sí. Kò tíì rí ẹni ọdún 33 tó gba lẹ́tà náà, ẹ̀yin náà kò sì tíì rí ẹni tó fi í ránṣẹ́. Nítorí náà, ẹ má kọ “mo gbà”, ẹ má sì kọ “mi ò gbà”. Ẹ kọ ohun tí Kitty kọ: kó wá rí yín ná, láìsí ìlérí, láìsí ẹbí. Ẹ jẹ́ kó rí yín ní ojúmọmọ, kó jẹun pẹ̀lú yín, kó gbọ́ bí ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀ nígbà tí inú bá ń bí yín. Kí ẹ̀yin náà máa fetí sí bó ṣe ń dárúkọ ẹ̀gbọ́n yín. Bó bá dárúkọ ẹ̀gbọ́n yẹn ju bó ṣe dárúkọ yín lọ, ẹ ti mọ ẹni tó tìtorí rẹ̀ wọkọ̀ òfuurufú. Oṣù mẹ́ta kò pọ̀ jù lórí ọdún kọkànlá.

Bó bá sì ní àfi kí ẹ kọ́kọ́ ṣèlérí kí òun tó wá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún kọ̀wé sí wa kí ẹ tó dá a lóhùn.